Ògbufọ̀ Ìdí Amọ̀

Ọjọ́ tí obìnrin ará Kòríà dé Dàda, nÍlọrin,
èmi ni wọ́n pè kí n wá ṣe ògbufọ̀.
Gẹ̀ẹ́sì tirẹ̀ ń tiro,
tèmi náà ń tiro.

Ìyá wa Áwáù ò gbójú sókè.
Ó ń fẹ̀yìn rìn yí ìkòkò ká
bí ẹni ń wá owó tó bọ́ sílẹ̀.

Àlejò ní, "Bi í, kí ni ìlà ọrùn ìkòkò yìí ń sọ?"
Ìyá ní, "Kó má baà yọ̀ lọ́wọ́ tó tutù ni."
Ojú tì mí. Ọ̀rọ̀ yẹn kéré
fún ẹni tó wọ bàlúù mẹ́ta wá.
Mo ní, "Ó ní ipa ẹsẹ̀ àwọn baba ńlá wa ni."
Ó kọ ọ́ sínú ìwé, ó ń mi orí.

Lẹ́yìn ìyẹn kò bi mí ní nǹkan kan mọ́.
Ó ká apá aṣọ, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀,
ó bu amọ̀ bíńtín, ó fi kan ahọ́n.
Ìyá dúró.
Ó wò ó bí ẹni rí ọmọ ìyá rẹ̀ lọ́jà Ìpata.
"Bi í, ṣé yanrìn rẹ̀ ò pọ̀ jù?"
Kí n tó lanu, àlejò ti fìka ra á,
ó na ìka kékeré: díẹ̀ báyìí.
Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín.
Èmi tí mo gbọ́ èdè, èmi ni kò yé.

Ìkòkò Ìyá ti wà nínú ilé gíláàsì lọ́hùn-ún.
Mo rí i lórí fóònù,
àwọ̀ omi èèpo irúgbá ṣì ń dán lára rẹ̀.
Irọ́ mi ni wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀.
Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.
Omi ò tíì dé inú rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti kúrò nílé.

Ife tí àlejò mọ sílẹ̀ wà lọ́dọ̀ wa.
Bóyá tíì ni wọ́n ń fi í mu nílùú wọn,
bóyá ti òkú ni, a ò mọ̀.
Tẹ̀sùbáà ni Ìyá ń kó sí i.

Ẹ ní ṣé iṣẹ́ ọnà ń ré ibodè kọjá?
Ìkòkò kọjá. Omi rẹ̀ ò kọjá.
Ṣùgbọ́n ní ìdájí, tí iná ò sí,
tí Ìyá bá nawọ́ wá tẹ̀sùbáà rẹ̀,
àtàǹpàkò rẹ̀ a bọ́ sójú ibi tí tàlejò ti tẹ amọ̀,
a kù díẹ̀ kó ṣe rẹ́gí.
Ti àlejò ló kéré.