Ọ̀sà Méjì

Kámẹ́rà tí mo rà yìí, kò mọ pupa, kò mọ aró.
Eérú nìkan ni èdè rẹ̀.
Ẹni tó tà á fún mi ní, "Sùúrù ni bátìrì rẹ̀."
Mo rò pé ó ń ṣàwàdà ni.

Òkè-Balógun ni mo gbé e gùn,
orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí bàbá mi ò kọ́ parí,
irin ṣì yọrí níbẹ̀ bí ìka tó ń tọrọ nǹkan.
Ìràwọ̀ àríwá kì í ga ní Ẹ̀pẹ́:
ó lúgọ sẹ́yìn igi àgbọn Alájà Rábíátù,
mo ń yọjú wò ó bí olówó tó ń ṣọ́ onígbèsè.

Òru kìíní, àwọn ìràwọ̀ fà gùn bí ìrẹsì.
Òru kejì, iná àwọn apẹja ta sí i lójú.
Òru kẹta (ojú ń tì mí láti sọ ọ́)
mo fi ogójì ìṣẹ́jú ya ìdérí,
ìdérí dúdú tí mo gbàgbé sójú rẹ̀.

Mo fẹ́ pa á rẹ́. Mo tún un wò:
òkùnkùn náà kò dúdú tán.
Àmì funfun wínníwínní wà nínú rẹ̀,
ooru ara kámẹ́rà fúnra rẹ̀, ìkùnsínú irin.
Àṣé ó yẹ kí n mọ̀ọ́mọ̀ ya irú rẹ̀,
kí n mọ ohun tó ń sọ nígbà tí kò rí ẹnikẹ́ni,
kí n lè yọ ọ́ kúrò nínú ohun tó rí.

Bàbá mi, Bùráímọ̀ Onífótò, mọ òkùnkùn yìí.
Yàrá kótópó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Ayétòrò,
gílóòbù pupa kan ṣoṣo,
omi tó ń rùn bí ọtí kíkan,
ojú ìyàwó ọ̀ṣìngín tó ń yọ díẹ̀díẹ̀ lórí pépà.
Yóò wá mú búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín,
yóò fi pupa tọ́ ọ létè.
"Pupa rẹ̀ gan-an kọ́," ni yóò wí,
"ṣùgbọ́n kì í ṣe irọ́."

Nínú oṣù Ẹrẹ́nà, tí ọyẹ́ ti ká ẹní rẹ̀,
NẸ́PÀ mú iná lọ, mo sì dúpẹ́.
Kùrukùru kan wà lójú ọ̀run níhà gúúsù
tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ń pè ní Ọ̀sà.
Mo fi gíláàsì pupa bo ojú kámẹ́rà,
èyí tí ìmọ́lẹ̀ háídírójìn nìkan ń rí ọ̀nà gbà kọjá.
Ìṣẹ́jú márùn-ún, márùn-ún, lẹ́ẹ̀mejìlélógún.
Méjì bàjẹ́. Ìrì ń sẹ̀.
Mo fi ìborùn wé e lọ́rùn bí ọmọ tí òtútù mú.

Kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà,
mo to ogún tó kù lé ara wọn.
Ó yọ.
Eérú lórí eérú, èbúté kan,
ọ̀nà dúdú tó là á láàárín bí ipa ọkọ̀.
Mi ò tíì kùn ún. Ètè rẹ̀ di ọ̀la.

Ṣàkírátù, ọmọ àbúrò mi, ti jí.
Ó wo ojú kọ̀ǹpútà,
ó wo ọ̀sà tiwa nísàlẹ̀, níbi tí àwọn ọkọ̀ ti ń bọ̀.
"Ṣé ẹja wà nínú èyí náà?"
Mo ní kó bá mi mú ìdérí yẹn wá.