Páànù Méjì

Ẹ jẹ́ n ti orí ẹ̀ṣẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀:
páànù méjì ni mo yọ lórí ilé Ọ̀jẹ̀tádé, l'Ógbòmọ̀ṣọ́ níbí,
lóru ọjọ́ kan tí òjò wọlé bá adìẹ mi.
Mo ní, ilé tí kò ní baálé, ta ni yóò bi mí?
Ilé náà kúkú ní baálé.
Báńkì ti fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára ògiri,
gàdàgbà gadagba, bí ẹni ń kọ orúkọ olè.

Kajú ló gbé e débẹ̀.
Ọ̀jẹ̀tádé fi ìwé ilé yá owó,
ó ra ọ̀ọ́dúnrún àpò, ó tò wọ́n sí pálọ̀,
ó ń retí kó tún gbówó lórí sí i.
Owó kajú já bí okùn kànga.
Èlé ní tirẹ̀ kò já. Èlé kì í sùn,
kì í lọ ṣọ́ọ̀ṣì, kì í gba ààwẹ̀.
Ọjọ́ tí àgádágodo dé ẹnu ọ̀nà,
ọkùnrin náà ki rédíò rẹ̀ bọ abíyá,
ó wọ mọ́tò Ṣakí lọ bá ọmọ rẹ̀ obìnrin.
Kò wẹ̀yìn.

Ọdún mẹ́sàn-án.
Igbó gba ẹ̀yìnkùlé, ó gba fàráńdà.
Ejò jáde níbẹ̀, ó lọ ká sínú bàtà ọmọ Àyọ̀ká.
Télọ̀ apá ọ̀tún kó ẹ̀rọ rẹ̀ lọ sí Tákì.
Olùkọ́ apá òsì ní òun ń lọ kí ìyá òun;
ìkíni náà kò tíì parí dòní.
Bí ilé kan ṣe ń kó ikọ́ ran èkejì nìyẹn.
Àdúgbò wa ń rà bí iṣu tó ti inú rà:
èèpo ń dán, ọ̀bẹ nìkan ló mọ̀.

Màmá Fọlọ́runṣọ́ ló dìde, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìntì,
obìnrin tí kì í pariwo.
Ó ní, "A kì í fi egbò sílẹ̀ fún eṣinṣin
torí pé kì í ṣe ẹsẹ̀ wa."
A di mẹ́tàdínlógún. A pe ẹgbẹ́ náà ní Àtúngbé.
Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà lọ́sẹ̀;
ẹni tí kò ní, kó mú ọkọ́ wá.
Lẹ́tà mọ́kànlá ló kọ sí báńkì n'Ìbàdàn.
Mẹ́wàá kò lésì.
Ìkọkànlá, ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbé e lọ,
ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà wọn láàárọ̀ ṣúlẹ̀,
ó ń hun súwẹ́tà ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò tíì lóyún rẹ̀,
títí ọ̀gá kan fi jáde.
Ọdún mẹ́rin la ó fi san án.
A ti san méjì.

Ọjọ́ tí a já àgádágodo, òórùn àdán tì wá padà.
Lára férémù ilẹ̀kùn yàrá kejì
a bá ìlà èédú, ọ̀kan lókè èkejì:
Ọ̀jẹ̀wùmí, ọdún mẹ́ta. Ọ̀jẹ̀wùmí, ọdún mẹ́fà.
Èyí tó ga jù kò ju ìgbáròkó mi lọ.
Ẹni tó ń kun ọ̀dà dáwọ́ dúró, ó wò wá.
Kò sẹ́ni tó fọhùn.
Ó kun gbogbo ilé, ó yọ férémù yẹn sílẹ̀.

Èmi? Mo lọ tú ilé adìẹ mi.
Mo ru páànù méjèèjì, mo gba àárín ọ̀nà
lọ́sàn-án gangan, kí ayé rí mi.
Wọ́n ti dípẹtà. Màmá kò bèèrè nǹkan kan.
Ó ní, "Dá a padà síbi tí o ti mú un."

Opó kan láti Ìkòyí-Ilé ló ń gbé ibẹ̀ báyìí,
òun àtọmọ mẹ́ta. Télọ̀ ti padà.
Olùkọ́ ṣì ń kí ìyá rẹ̀.

Lóṣù tó kọjá, mọ́tò Ṣakí já bàbá kan sílẹ̀,
rédíò lábíyá.
Ó dúró síwájú ilé, kò wọlé, kò lọ.
Àbíkẹ́yìn opó náà gbé àga fún un sí fàráńdà.
Òjò sì dé.
Ó gbójú sókè, ó fetí sílẹ̀ pẹ́.
"Méjì wọ̀nyẹn," ó ní, "mo mọ ohùn wọn."