Ewé Keje

Àárọ̀ Ọjọ́rú, kùrukùru ṣì bo Ẹlẹ́yẹlé mọ́lẹ̀,
ẹ́ńjìnnì bàbá mi ò tọ̀ mọ́.
Ihò kékeré abẹ́ ìdérí rẹ̀,
tí omi máa ń gbà jáde bí ìtọ̀ ọmọkùnrin,
ó kàn ń mí èéfín gbígbóná sí mi lọ́wọ́ ni.
Ìyá Ganíyù jókòó ti àpò èédú rẹ̀, ó ní,
"Ṣebí ó ń hó? Máa wà á lọ!"
Mo pa á.
Ẹ́ńjìnnì tí kò bá ti tọ̀, ikú ló ń hó yẹn.

A kì í gbé inú odò ká máa fi itọ́ fọjú,
àmọ́ ẹ wo irin tí omi mù dé ọrùn
tí òùngbẹ ń pa kú lọ.

Mo fi àjẹ̀ wà wá dé ìdí igi máńgòrò.
Nọ́ọ̀tì márùn-ún ló di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú.
Mẹ́rin gbọ́ràn sí sípánà.
Ìkarùn-ún ti bá ìpáàrà ṣègbéyàwó:
mo ta bẹntiróòlù sí i, mo fi òòlù kàn án jẹ́jẹ́,
mo pè é lórúkọ tí bàbá mi máa ń pè é,
orúkọ tí kò ṣeé kọ síwèé,
ó sì jẹ́ mi.

Ilé páǹpù ò ju ìdí agolo mílíìkì lọ.
Rọ́bà ẹlẹ́wé mẹ́fà ló yẹ kó wà níbẹ̀.
Kùkùté ni mo bá.
Mo rà á ní Gáàtì lọ́dún tó kọjá,
lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó fi Jàpáàn búra.

"Ewé tó já ò kú o, Àwẹ̀ró," bàbá mi a máa wí,
"ìrìn ló ń rìn.
Bí o ò bá wá a rí, á lọ jókòó sí ọ̀nà ọ̀fun."
Mo tẹ́ bébà sílẹ̀, mo mú sípóòkù kẹ̀kẹ́,
mo ń tọ ihò, mo ń kà:
ení, èjì, ẹ̀ta (ìyẹn pẹ́ kó tó jáde),
ẹ̀rin, àrún,
ẹ̀fà.
Mo ti ń nuwọ́ nígbà tí sípóòkù tún kan nǹkan.

Èje.

Dúdú tirẹ̀ ti di eérú,
ó le bí èékánná àgbàlagbà.
Kì í ṣe ti Gáàtì.
Ti rọ́bà àtijọ́ ni,
èyí tí bàbá mi yọ lọ́dún tí mo wọ kíláàsì kẹta.
Èmi ni mo di tọ́ọ̀ṣì mú fún un.
Ó ka márùn-ún sókè,
ó ka ìkẹfà sínú.
Ilẹ̀ ti ń ṣú lọ́jọ́ náà,
èrò mẹ́tàlá ló wà létí omi tí wọ́n ń pariwo.

Láti ìgbà yẹn, tá a bá ti dé àárín odò, á gbóná.
A bú ojú oró.
A bú ẹni tó ń ta ọ́ìlì fún wa ní Jẹ́ríkò,
a tilẹ̀ já a sílẹ̀.

Mo fi ọṣẹ pa rọ́bà tuntun lára,
mo ń yí i sọ́tùn-ún bí mo ṣe ń tì í wọlé
kí gbogbo ewé rẹ̀ lè tẹ̀ síbì kan.
Irin kékeré tó rí bí ààbọ̀ oṣù, tó fẹ́ràn àtisá sínú koríko,
mo fi gíríìsì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọ̀pá.
Mo gbé ẹ́ńjìnnì kọ́ etí àgbá omi.
Mo fà á. Mo tún un fà.
Ó hó, kò tọ̀.
Mo mí lẹ́ẹ̀mẹjọ.
Ó wúkọ́, ó tutọ́,
ó wá tọ̀ gbọọrọ,
ó bà ẹsẹ̀ Ìyá Ganíyù tó ti sùn lọ.
Èébú tó bú mi, mo fi ẹ̀rín gbà á.

Lálẹ́, màmá mi ń tú àpò ṣòkòtò iṣẹ́ mi kó tó fọ̀ ọ́.
Ó gbé ewé keje sójú àtùpà.
Ó ní, "Kí lèyí?"
Mo ní rọ́bà ni.