Eruku Tí Bàbá Mi Nù

Wọ́n fi àwòrán ọkọ̀ náà ránṣẹ́ sí mi láàárọ̀ Ọjọ́rú,
funfun báláú, ó ń dán bí dígí tí ẹnikẹ́ni ò tíì wojú rí.
Oníbàárà ní ó ti mọ́ jù.
“Ornella, ta ni yóò gbà pé ọkọ̀ yìí ti gun òkè rí?
Jẹ́ kí ayé kàn án lára díẹ̀.”

Mo jókòó ti kọ̀ǹpútà lẹ́bàá fèrèsé.
Kùrukùru bo odò Po, òkè oníyìnyín ò yọjú ní Turin lónìí.
Mo ṣí àpò tí mo ń kó awọ ayé pamọ́ sí:
ẹrẹ̀ gbígbẹ tó sán bí àtẹ́lẹsẹ̀ àgbẹ̀,
ògiri tó ń bó, ọ̀dà ojú títì tí òjò ti jẹ,
àti ìpẹtà; ìpẹtà nìkan lé ní ogójì oríṣi.

Mo mú ẹrẹ̀, mo tẹ́ ẹ lé ọkọ̀ lórí bí ẹní.
Ó rí bí aṣọ àyálò, kò bá a lára mu.
Mo dín in kù títí ó fi fẹ́lẹ́ bí èémí lára dígí,
mo fà á tẹ̀lé ibi tí irin gbé tẹ̀ kọrọdọ,
mo pa á rẹ́ lójú fèrèsé, mo pa á rẹ́ lójú iná,
mo jẹ́ kó nípọn lẹ́yìn táyà,
torí ẹrẹ̀ kì í dédé fò; táyà ní ń rán an níṣẹ́.

Síbẹ̀, irọ́ ni.
Ojú ti mọ irọ́ kí ẹnu tó mọ̀ ọ́n sọ.

Lágogo márùn-ún, Fulvio bàbá mi wọlé.
Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi dúró lábẹ́ iná gbọọrọ
ní yàrá ọ̀dà ilé iṣẹ́ ọkọ̀,
àkísà múlọ́múlọ́ lọ́wọ́, tó ń wá eruku ẹyọ kan.
Títí di òní, bó bá sùn, ọwọ́ rẹ̀ a máa nu afẹ́fẹ́.

Ó bẹ̀rẹ̀ wo iṣẹ́ mi. Ó dákẹ́.
“Èyí ni wọ́n ń sanwó rẹ̀ fún ọ?
Kí o da eruku padà sórí ohun tí mo nù?”
Mo rẹ́rìn-ín. Òun ò rín.
Ó fa àga, ó nu awò ojú rẹ̀, ó tún un wọ̀.
“Ọkọ̀ rẹ ń lọ síwájú,
kí ló dé tí eruku ń sáré ṣáájú rẹ̀ bí ajá?
Ẹ̀yìn ló ń sá sí. Abẹ́ ilẹ̀kùn ló ń sùn.
Ibi ìdìmú yìí ńkọ́? Ẹnìkan ti ṣí i rí.
Àpá ìka gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀.”

Kò dúró gbọ́ èsì.
Ó fi ìka mẹ́rin fa ojú fèrèsé mi tí n kò nù láti Kérésì,
ó gbé wọn sókè wò, bó ti máa ń ṣe.
Èmi, ipa tó fà sílẹ̀ ni mo yà.

Oníbàárà dáhùn lóru: “Ó dára gan-an.
Ṣùgbọ́n bá mi yọ àpá ọwọ́ yẹn.”
N kò yọ ọ́. Mo kàn mú un ṣe bàìbàì,
tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá mọ̀ ọ́n nìkan ló lè rí i.

Nígbà tó di oṣù kẹta, wọ́n gbé ọkọ̀ náà kọ́
sí ibùdó tíráàmù, ó ga ju ilé lọ.
Bàbá mi dúró níwájú rẹ̀, ó gbọ́rùn sókè.
Tíráàmù dé, tíráàmù lọ.
Ó ti fa áńkáṣífì yọ lápò.