Ahọ́n Ìbọn

Orrin tẹ́ aṣọ ìnura sórí káńtà,
ó to tírígà mẹ́ta sí i bí ẹni tó eyín tó yọ.
Yìnyín ń já lu fèrèsé; òtútù Montana
kì í kan ìlẹ̀kùn kó tó wọlé.
"Verna, ìka rẹ ọ̀tún ńkọ́?"
Mo nà án sí i kó rí i fúnra rẹ̀:
oríkèé rẹ̀ ti wú bí kókó ara igi,
kì í tẹ̀ mọ́ láàárọ̀
àfi bí mo bá fi ife kọfí gbígbóná rọ̀ ọ́.

Ìbọn Halvor ni, ọkọ mi.
Yìnyín ẹlẹ́ẹ̀kejì rèé tó ti sùn.
Ó fi ìbọn sílẹ̀ fún mi, ó fi agídí rẹ̀ sínú ìbọn:
pọ́n-ùn mẹ́fà àbọ̀ kí ahọ́n rẹ̀ tó gbọ́ tẹni,
ó ń ha, ó ń dúró, ó tún ń ha,
bí ìgbà tí wọ́n bá ń wọ́ àga lórí sìmẹ́ǹtì.

Orrin mú àkọ́kọ́. "Èyí ò wúwo tó ẹyin adìyẹ.
Àwọn tó ń jókòó ta àmì ló ń rà á."
Ó fi í sínú ìbọn òfìfo, ó kẹ́ ẹ,
ó fi òòlù rọ́bà kan ìdí rẹ̀ pẹ́rẹ́.
Ká!
Kò sì sẹ́ni tó fọwọ́ kan ahọ́n.
Mo ní kó gbé e kúrò níwájú mi.
Ẹyin lohùn; mo ti sọ púpọ̀ tí n kò rí kó.

Èkejì mọ́, ó já bí ọ̀pá gíláàsì,
ṣùgbọ́n kò sọ fún mi pé òun fẹ́ já
títí ó fi já.

Ọmọ kan ń gbálẹ̀ lẹ́yìn wa, ó ń súfèé:
Teague, ọmọ ọmọ Orrin,
fìlà aláwọ̀ ọsàn tó ti ṣá lórí rẹ̀.

Mo mọ fìlà yẹn.
Lóṣù Kọkànlá tó kọjá, létí odò, ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán,
mo rí ìwo lẹ́yìn igi páìnì, mo rí àyà ẹranko,
mo bẹ̀rẹ̀ sí í fà.
Mo fà, mo fà, kò dáhùn.
Ó ro mí dé ìgúnpá. Mo bú Halvor nínú ibojì rẹ̀.
Mo tú ìka sílẹ̀ kí n sinmi,
ẹranko yẹra,
àwọ̀ ọsàn kan sì wà níbi tó ti dúró,
kò ju ewé lọ, ó ba mọ́lẹ̀,
ó ń so okùn bàtà.

"Ìgbésẹ̀ méjì lẹ̀kẹta yìí," Orrin ń wí, "pọ́n-ùn mẹ́ta.
Wàá rìn díẹ̀, wàá wá kan ògiri.
Nídìí ògiri, o lè dúró dìgbà tó bá wù ọ́."
Mo fi ìka wíwú rìn ín. Ó rọ̀.
Ó kan ògiri. Mo dúró.
Mo yí ọrùn: Teague ń ti eruku sábẹ́ káńtà
kí bàbá rẹ̀ àgbà má baà rí i.
Mo yọ ìka. Ahọ́n náà padà sẹ́yìn
bí ẹni tó gbé ọ̀rọ̀ mì.

"Èyí," mo ní. N kò ná an.

Ó tú ti Halvor, ìpẹtà àti òróró dúdú,
ó fẹ́ sọ ọ́ sínú garawa. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.
"Kí lo fẹ́ fi irin játijàti yìí ṣe?"
Mo kì í bọ àpò ẹ̀wù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́kọ́rọ́ ilé.
Mo ní bó ṣe wúwo ni mo fẹ́ràn.