Àkàrà Tí A Kò Gbọdọ̀ Sè

Ní Kuttanad, omi ga ju oko lọ.
Ògiri amọ̀ ni ó dá odò dúró,
ìrẹsì ń dàgbà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀
bí ọmọ tó sùn sábẹ́ ibùsùn ìyá rẹ̀.
Ibẹ̀ ni bàbá mi, Ouseph, ti wa ọkọ̀ fún ogójì ọdún,
ibẹ̀ náà ni wọ́n ti gbé e wálé lóṣù Òkúdù,
pẹ̀lú ẹrẹ̀ lábẹ́ èékánná.

Lọ́dọ̀ wa, ààwẹ̀ àádọ́ta ọjọ́ kì í ṣe eré.
Kò sẹ́ja, kò sẹ́ran, kò sẹ́yin.
Ológbò pàápàá ń wò wá tìbínú tìbínú.
Kunjeli ìyá mi a máa fi èédú ka ọjọ́ sára ògiri,
ṣùgbọ́n lọ́dún yìí ògiri mọ́ tónítóní.
Ó ní, "Ẹni tí ikú ti bá jẹun nínú àwo kan náà,
ààwẹ̀ wo ló tún kù fún un?"
Ọ̀rọ̀ pèsì jẹ.

Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ Mímọ́ dé.
Èéfín ń rú ní gbogbo ilé etí odò:
wọ́n ń po ìyẹ̀fun ìrẹsì mọ́ ẹ̀wà lílọ̀, láìfi ìwúkàrà sí i,
wọ́n ń fi imọ̀ ọ̀pẹ tí a bùkún lọ́jọ́ Ìsinmi
ṣe àgbélébùú kékeré lé e lórí,
wọ́n ń dé e, kí ooru omi sè é.
Àgbà ilé ni yóò bù ú,
láti orí àkọ́bí dórí ọmọ ọwọ́.
Ṣùgbọ́n àwọn baba wa ti là á sílẹ̀:
ilé tí òkú ti jáde láàárín ọdún
kò gbọdọ̀ sè é.
Kí ó dúró. Kí ará àdúgbò gbé e wá.

A dúró.
Mo ti fọ àwo. Mo tún fọ̀ ọ́.
Mo ń fetí sí àjẹ̀ lójú omi:
èyí kọjá sílé Mariyam,
èyí kọjá síbi tí kò kàn wá.
Ìyá mi ní, "Lọ sùn. Wọ́n ti gbàgbé."
Kò sọ ọ́ bí ẹni tó ń bínú.
Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ iye tí wọ́n ń ta ìrẹsì.

Ìgbà náà ni fìtílà kan yà sí èbúté wa.
Ittoop ni.
Ittoop tí kò kí bàbá mi fún ọdún mọ́kànlá
nítorí igi àgbọn kan tó tẹ̀ sórí ààlà,
tó fìdí múlẹ̀ lọ́dọ̀ wa, tó ń so sọ́dọ̀ tirẹ̀.
Ittoop tí kò wá síbi ìsìnkú.
Ó dúró nínú ọkọ̀, kò lè gòkè, kò lè padà.
Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, àwo ń dún lórí àwo.
"Kunjeli," ó ní, "àgbọn igi yẹn ni mo fún sínú ọbẹ̀ rẹ̀."
Kò rí ọ̀rọ̀ mìíràn sọ.

Mo ti gbọ́ ìwàásù ìdáríjì títí etí mi fi di.
N kò tíì gbọ́ èyí tó dún bí àwo méjì yẹn.
Ìyá mi wò ó, ó wò ó,
títí kòkòrò kan fi fò wọ inú fìtílà.
Ó wá sún apá kan ẹní:
"Wọlé. Ìwọ ni àgbà níbí. Bù ú."

Lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n fi ṣíbí bu omi ejìnrìn sí wa lẹ́nu,
ó korò dé ọ̀nà ọ̀fun.
Laago mẹ́ta òru Àjíǹde, aṣọ ìkélé ṣí,
ère Olúwa dìde láàárín èéfín bàǹgà,
àwọn ọmọdé kígbe.
Èmi kò kígbe.
Bàbá mi ṣì wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, lábẹ́ iyanrìn tútù.
Mo ń ro òkúta ẹnu ibojì,
bí ó ṣe wúwo tó;
bóyá kì í ṣe ìdájí ni ó yí,
bóyá láti alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni ó ti ń sún,
díẹ̀, díẹ̀, láìsí ẹni tó gbọ́.
Mo gbàgbọ́. Ẹ má bi mí bí mo ṣe ṣe é.

Igi àgbọn náà ṣì tẹ̀.
Lówùúrọ̀ Ajé, ìyá mi ní kí n dá àwo Ittoop padà.
A kì í dá àwo padà lófìfo.
Ó gbé ẹja kan sínú rẹ̀, tútù,
ojú rẹ̀ ṣì ń dán.