Mọ́tò Agolo

Ilé tí Bàbá Ajíbóyè kọ́ dé ojú fèrèsé kó tó kú,
lẹ́yìn ilé wa ní Ìṣọkùn,
ibẹ̀ ni mo ti rí i.
Ewúrẹ́ ìyá àgbà ni mò ń wá.
Ó dùbúlẹ̀ sórí àpò sìmẹ́ńtì,
ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ọmọ ẹlẹ́ní àtẹ́ẹ̀ká,
tí kò ní ẹní kan ṣoṣo.
Ó fi ìka lé ètè.
Mo fi ìka lé tèmi náà.
Bí a ṣe dọ̀rẹ́ nìyẹn.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà náà.
N kò bi í pé kí ló ṣe.
Mo bi í bóyá ó lè jẹ iyán àná.
Ó ní ẹni tí ebi ń pa kì í bèèrè ọjọ́ orí iyán.
Láti ọjọ́ náà ni ìyá àgbà ti ń ṣépè fún eku kan
tó ń jí ọbẹ̀, tó sì ń fọ abọ́ padà.

Ó ní awakọ̀ ni òun.
Ẹni tó ń wà, kò sọ.
Ó fi agolo mílíìkì méjì ṣe mọ́tò fún mi,
ó gé sálúbàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ òsì ṣe táyà,
ó wá ń rìn pẹ̀lú bàtà ẹyọ kan.
Mo ní mọ́tò tí kò ní nọ́ńbà, ọlọ́pàá á mú un.
Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́.
Ó mú ìṣó, ó ha nọ́ńbà sí i nídìí.
Ó ní, "Eléyìí nìkan ni mo mọ̀ sórí."

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, rédíò Màmá Bọ̀sún ka nọ́ńbà náà.
Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì.
Báńkì kan ní Òṣogbo. Mẹ́gáàdì kan tí kò délé mọ́.
Mo ki mọ́tò mi bọ abẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì,
mo gba ẹ̀yìn ṣáláńgá,
mo fi òkúta ha, mo ha, mo ha,
títí agolo fi ń dán bí ìpẹ́ ẹja.
Eéje tó kẹ́yìn kọ̀, kò parẹ́.

Lálẹ́, mo bi í:
"Mẹ́gáàdì yẹn ńkọ́?"
Ó pẹ́ kó tó fèsì. Ìrẹ̀ ń ké nínú koríko.
"Èmi kọ́ ni mo yìnbọn.
Èmi ni mo ṣá gbé ìbọn náà débẹ̀."
Lẹ́yìn náà: "Ọmọ kan wà níbẹ̀ tó tó ẹ."
Ọmọ mẹ́gáàdì ni, àbí ọmọ tirẹ̀?
Títí dòní, n kò mọ̀.

Ọjọ́rú ni ọlọ́pàá dé.
Wọ́n lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà wa bí Òṣómàáló tó wá sin owó aṣọ.
Sájẹ́ǹtì gbé mọ́tò mi, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn.
"Ta ló ṣe é?"
"Èmi ni."
"Nọ́ńbà ẹ̀ dà?"
"Eéje ni."
Ó rẹ́rìn-ín, ó dá a padà fún mi.
Wọ́n lọ. Mo rò pé wọ́n lọ.

Ilẹ̀ ṣú, mo yọ́ lọ sọ fún un.
Ó ti di ẹrù rẹ̀: ṣẹ́ẹ̀tì kan, bàtà ẹyọ kan.
Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, kò sọ nǹkan kan,
ó fo gọ́tà, ó kọjú sí ọ̀nà Ìmọ̀.
Ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, mo kà á. Mọ́kànlá.

Ìgbà náà ni ìyá àgbà yọrí lójú fèrèsé,
iyán ti ń tutù,
ó fi gbogbo ọ̀fun ké orúkọ tí wọ́n sọ mí
nígbà tí mo wá sáyé lẹ́ẹ̀kẹta tí wọ́n ń bẹ̀ mí:
"Málọmọ́! Málọmọ́ o!"

N kò sọ orúkọ mi fún un rí.
Ọ̀gá kékeré ló ń pè mí.
Ó dúró.
Ó bojú wẹ̀yìn bí ẹni tí ìyá tirẹ̀ pè.
Tọ́ọ̀ṣì mẹ́ta tàn lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo ń wakọ̀ báyìí, Iléṣà sí Ifẹ̀.
Agolo náà wà níwájú mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì,
táyà rẹ̀ kan ti já.
Èrò a máa bi mí pé kí ni eéje yẹn ń ṣe nídìí rẹ̀.
Mo máa ń ní nọ́ńbà ni.